Ohun tí Káàdì Ọlọ́jọ́ Méje Fi Yé Mi

Ọdún méjìlá ni mo ti fi ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ìlọrin kí wọ́n tó pè mí sí iṣẹ́ ìwádìí abẹ́rẹ́ tuntun kan, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa abẹ́rẹ́ ọmọdé. Mo ń kọ èyí nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọn yóò pè sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la, àti nítorí àwọn òbí tí wọn yóò bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn kópa nínú rẹ̀. Àṣìṣe tí mo ṣe kò pa ọmọ kankan lára, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ó sọ làálàá ọ̀pọ̀ ènìyàn di asán, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn tún gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, DPT, abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn mẹ́ta, ni à ń fún ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní 2012 ni Pẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí Nàìjíríà, èyí tó kó ààbò fún àrùn márùn-ún pọ̀ sínú abẹ́rẹ́ kan: dìfítéríà tó ń dí ọmọ lọ́fun, tẹ́tánọ́ọ̀sì tó ń mú ọmọ gan, ikọ́ líle tí ọmọ ń wú títí tí yóò fi bì, àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B, àti kòkòrò Hib tó ń fa yírùnyírùn àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn náà ni PCV dé, abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò mìíràn tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ní 2015, abẹ́rẹ́ IPV tún dé, láti kún èyí tí à ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Bí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ṣe di ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta lójúkan náà nìyẹn, Pẹ́ńtà ní itan òsì, PCV àti IPV ní itan ọ̀tún, kí àyè ìwọ̀n íǹṣì kan sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹni tí kò bá tí ì jókòó ní ilé ìtọ́jú lọ́jọ́ àjẹsára kò lè mọ ohun tí abẹ́rẹ́ kẹta yẹn ń ṣe fún ìyá ọmọ. Àkọ́kọ́, ọmọ á ké. Ìkejì, ìyá pẹ̀lú á máa sunkún. Bí o bá wá gbé ìkẹta, á ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a dá èyí dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Àwọn kan á padà wá lọ́sẹ̀ náà lóòótọ́. Àwọn mìíràn, ó dìgbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé-ìwé, tí wọ́n bá béèrè káàdì lọ́wọ́ wọn, kí a tó tún fojú kan ara wa. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ìwádìí tí wọ́n fẹ́ ṣe jẹ́ ti abẹ́rẹ́ tó kó mẹ́fà pọ̀, ìyẹn àwọn márùn-ún inú Pẹ́ńtà pẹ̀lú IPV, inú mi dùn gan-an, mo sì sọ pé ìyà abẹ́rẹ́ kan ti kúrò lórí ọmọ.

Mo rò pé bí ohun méjì bá dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àpapọ̀ wọn náà yóò dára. Dókítà tó ń darí wa lo ọ̀sán ọjọ́ kan gbáko láti fi yé wa pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní thiomersal, èròjà tí wọ́n ti ń fi sínú ìgò àwọn abẹ́rẹ́ bíi Pẹ́ńtà tipẹ́tipẹ́ kí kòkòrò má baà wọ inú rẹ̀, máa ń ba agbára IPV jẹ́ bí a bá da àwọn méjèèjì pọ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe àpapọ̀ mẹ́fà gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn láti dáàbò bo ìgò rẹ̀. Ó tún ní nígbà tí wọ́n da Hib pọ̀ mọ́ oríṣi àjẹsára ikọ́ líle tí wọ́n ń lò jù lókè òkun, èròjà tí ara ọmọ ń pèsè láti bá Hib jà dínkù sí èyí tó máa ń pèsè nígbà tí wọ́n bá gún un lọ́tọ̀. Ìbéèrè méjì ni ìwádìí wa fẹ́ dáhùn: ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àti pé kí ni ara ọmọ ń rí lẹ́yìn tó bá gbà á?

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ ìbò bí wọn yóò ṣe pín àwọn ọmọ. Wọ́n á kọ èsì ìbò náà sínú àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa, a kì í sì í já a títí ìyá yóò fi fọwọ́ sí ìwé. Àwọn kan á gba àpapọ̀ mẹ́fà, àwọn yòókù á gba Pẹ́ńtà àti IPV lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn á sì gba PCV. Kò sí ọmọ kankan tí wọ́n fi omi lásán gún.

Ibi ìfọwọ́sí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Ìwé tí à ń kà fún òbí gùn, mo sì máa ń sáré kà á bí ẹni tó ń ka Kùránì nínú oṣù Ramadan, kí ilẹ̀ má baà ṣú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ lọ́ra, màá ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ewu kankan níbẹ̀.” Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá kan ní Pàkátà, ẹni tó jókòó sórí ẹní, tó ń fi ìka ka tẹ̀sùbáà. Ó wò mí títí, ó ní, “Bí kò bá sí ewu kankan, kí ni ẹ fẹ́ dán wò?” N kò ní èsì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ Kano.

Mo mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n mo ti máa ń gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má mẹ́nu kàn án níwájú mi. Ní 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń jà ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ọmọ 200 ló wà nínú rẹ̀, ìdajì gba Trovan, ìdajì kejì gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá kú, àwọn òbí sì ní kò sí ẹni tó jẹ́ kó yé àwọn pé ìdánwò ni. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ títí di 2009, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Ìgbà tí wọ́n kọ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí à ń kán sí ọmọ lẹ́nu ní Kano ní 2003, ìbẹ̀rù yẹn wà lára ohun tó wà nílẹ̀. Bàbá yìí kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó rántí ohun tó yẹ kí èmi pẹ̀lú máa rántí.

Dókítà wa ni mo mú padà lọ bá a. Kò bá a jiyàn. Ó ní òótọ́ ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi ní ìwé ìlànà fún ìwádìí ìlera láti 2007, tí ìgbìmọ̀ kan tí kì í ṣe tiwa fi gbọ́dọ̀ ka gbogbo ètò wa kí a tó fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni, tí NAFDAC náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó wá ka ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ibi tí a gún lè wú, ó lè pupa, ara ọmọ lè gbóná, ó lè má fẹ́ mu ọmú lálẹ́ ọjọ́ náà, ó lè ké fún wákàtí púpọ̀, kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ara ọmọ tún lè kọ abẹ́rẹ́ lójijì, ìdí nìyẹn tí a fi ń dá wọn dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó máa lọ. Ó ní bí wọ́n bá kọ̀ lónìí tàbí tí wọ́n bá yọwọ́ lọ́la, ọmọ wọn yóò ṣì máa gba àjẹsára rẹ̀ bí gbogbo ọmọ yòókù.

Ìyá ọkùnrin náà, tó ń ta ewé àti egbò ní Ọjà Ọba, ni kò tí ì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti wọlé. Òun ló wá béèrè pé, “Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ kó sínú ìgò kan yìí, ṣé ẹ ti wò ó bóyá wọ́n gba ara wọn? Ewé wà tí a kì í se pọ̀ mọ́ ewé mìíràn, bó ti wù kí àwọn méjèèjì dára tó.” Dókítà ní, “Màmá, ohun tí a ń wá kiri gan-an nìyẹn.” Ohun tí wọ́n fi ọ̀sán kan kọ́ mi, ìyá náà ti mọ̀ ọ́n láti ìdí ìkòkò àgbo. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá ààfáà wọn sọ̀rọ̀, n kò sì tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kò sí ewu.

Mo dé ibi tó dùn mí jù báyìí. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyá máa ń mú káàdì kan lọ sílé, pẹ̀lú tẹmómítà àti rúlà róbà kékeré kan. Ọjọ́ méje ni yóò fi kọ nǹkan sínú káàdì náà: bí ara ọmọ ṣe gbóná tó lálẹ́, bí ibi tí a gún ṣe wú tó lójú rúlà, bóyá ọmọ jẹun, bóyá ó sùn, bóyá ó bì, àti oògùn yòówù tí wọ́n bá fún un. Fún àwọn tí kò mọ̀wé, wọ́n ya ojú ọmọ mẹ́rin síbẹ̀, láti orí èyí tó ń rẹ́rìn-ín dé orí èyí tó ń sunkún kíkankíkan, kí wọ́n fi bíírò sàmì sí i. Iṣẹ́ tèmi ni láti lọ sílé wọn ní ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ keje láti wò ó bóyá káàdì ń kún.

Òkèlele, Pàkátà àti Òde Alfa Ńdà ni agbègbè mi. Ẹni tó bá mọ agboolé Ìlọrin mọ̀ pé o kò lè wọlé kí o kí ẹnìkan ṣoṣo kí o sì máa lọ; ó di dandan kí o kí bàálé, kí o kí àwọn ìyá àgbà, kí wọ́n gbé omi fún ọ, kí wọ́n béèrè àwọn ọmọ rẹ. Nígbà tí ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi fi pé ogún, apá mi kò ká a mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo ìbẹ̀wò ọjọ́ kẹta. Lọ́jọ́ keje, màá bá káàdì lófìfo, ìyá á sì máa tọrọ àforíjì pé ọjà kò jẹ́ kí òun ráyè. Màá ní, “Kò burú. Ṣé ọmọ kò ní ìṣòro kankan?” Á ní, “Rárá o, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” Màá jókòó sórí àpótí, màá yọ bíírò mi, màá sì kọ 36.7, 36.8, 36.7 títí tí ọjọ́ méje á fi pé.

Lọ́kàn mi, n kò purọ́. Ìyá ọmọ ló sọ pé kò sí ìṣòro. Mo ń kọ ohun tó sọ fún mi.

Obìnrin kan tó ń yẹ ìwé wò fún ìwádìí náà ti Èkó wá lóṣù kejì. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí púpọ̀, ó sì ń pè mí ní Màmá. Ó to káàdì mẹ́rìnlá sórí tábìlì ní ìlà méjì, bí ẹni tó ń pàtẹ ẹja, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Màmá, ṣé bíírò kan náà ni àwọn ìyá mẹ́rìnlá yìí jọ ń lò?” Yíǹkì bíírò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọ̀ aró tó ti ṣá, kò sí bí ènìyàn ṣe lè wò ó kó má mọ̀. Ó tún ní, “Ọmọ mẹ́rìnlá gba abẹ́rẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ pé ó máa ń mú ara gbóná, kò wá sí ọ̀kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ gbóná láàárín ọjọ́ méje?” Ẹ̀yìn mi tutù. Mo fẹ́ sọ pé ọ̀nà jìn, pé ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ mi, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi.

Kò pariwo mọ́ mi. Ó fà mí jókòó, ó sì ṣàlàyé ohun tí mo ti ṣe. Ká ní àpapọ̀ mẹ́fà yìí ń mú ara ọmọ gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn káàdì mi yóò sọ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan, wọn yóò sì fún àwọn ọmọ tí a kò lè kà ní irú rẹ̀ nítorí ìwé tí mo kọ ní Òkèlele. Ká ní kò ní ewu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú, a kò ní lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo ti kọ 36.7 fún. Wọ́n ní láti kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn olùkópa, wọ́n sì ka káàdì mẹ́rìnlá náà sí èyí tí kò sí. Ọmọ mẹ́rìnlá tí ìyá wọn gbé wá nínú oòrùn, tí wọ́n ké, tí itan wọn wú, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ọjọ́ méje wọn ṣe mọ́. Mo ti gbààwẹ̀ lórí rẹ̀, mo ti tọrọ àforíjìn, ó ṣì máa ń dùn mí bí mo bá rí bíírò aláwọ̀ aró.

Wọn kò lé mi. Wọ́n dín ọmọ ọwọ́ mi kù sí méjìlá, wọ́n sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé Ìyá Wàsíù ní Òkèlele ni mo kọ́kọ́ lọ. Bí ó ti ń bu omi fún mi láti inú àmù, mo rí ìgò parasítámọ́ọ̀lù ọmọdé lẹ́yìn rẹ̀, ó ti dé ìdajì, ṣíbí róbà rẹ̀ sì ṣì tutù. Kò sí oògùn kankan nínú káàdì rẹ̀. Mo bi í, ó sì sọ ọ́ láìfi bò, nítorí kò rí ohun tó burú níbẹ̀: òun ti fún ọmọ kí wọ́n tó kúrò nílé lọ gba abẹ́rẹ́, òun tún fún un lálẹ́, òun sì ń fún un láràárọ̀, kí ara rẹ̀ má baà gbóná. Ó ní, “Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi nígbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ni. Ọdún méjìlá ni mo fi ń sọ fún ìyá pé bó bá ti délé, kó fún ọmọ ní parasítámọ́ọ̀lù, ara ìbáà gbóná, ìbáà má gbóná. Nígbà tí mo rò ó fún dókítà, ó sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́ 459 ní orílẹ̀-èdè Czech. Wọ́n fún apá kan ní parasítámọ́ọ̀lù ṣáájú kí ara wọn tó gbóná, wọn kò fún apá kejì. Ibà dínkù lára àwọn tó lò ó, ṣùgbọ́n èròjà ìdáàbòbò inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà dínkù sí ti àwọn tí kò lò ó, fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn àrùn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ fún. Kò túmọ̀ sí pé kí òbí máa wo ọmọ tó ń jóná lójú. Ohun tí dókítà ní kí n máa sọ ni pé bí ara ọmọ bá gbóná lóòótọ́ tí kò sì ní ìsinmi, kí wọ́n fún un ní ìwọ̀n tó yẹ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ṣe ohun tí ọmọ ń mu kí ìyọnu tó dé. Fún ìwádìí tiwa, ìlọ́po méjì ni ìpalára oògùn tí wọ́n kò kọ sílẹ̀: ó bo ibà tí a ń wá mọ́lẹ̀, ó sì lè yí ohun tí a fẹ́ wò nínú ẹ̀jẹ̀ padà.

Mo padà sí gbogbo ilé. Mo wá rí i pé bí mo bá béèrè “oògùn”, wọn kì í ka àgbo mọ́ ọn, wọn kì í ka àdí tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára mọ́ ọn, wọn kì í sì í ka omi gbígbóná tí ìyá àgbà fi jó itan tó wú mọ́ ọn. Mo kọ́ láti máa béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfajúro, nítorí bí ojú mi bá ti yí padà báyìí, ìyókù kò ní jáde.

Ohun tó wá yé mi lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí dúró lé lórí pẹ̀lú mi. Láàárín àwa Yorùbá, “Ọmọ ńkọ́?” kì í ṣe ìbéèrè. Ìkíni ni, ó sì ní èsì tirẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́: “Ó wà dáadáa, a dúpẹ́.” Ìyá tí kò sùn mọ́jú, tó fi omi tútù nu ọmọ lára títí ilẹ̀ fi mọ́, èsì yìí náà ni yóò fọ̀. Kò purọ́ fún mi. Ó dá mi lóhùn bí ọmọlúàbí ṣe ń dáni lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í sì í fẹ́ fi ẹnu ara wa pe àìsàn lé ọmọ ọwọ́ lórí. A óò ní ara rẹ̀ “ń lọ́ wọ́ọ́rọ́”, a óò ní “kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeré”. Tẹmómítà lè ti ka 39 fún ọmọ tí ara rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìgbómìnà, tí mo gbọ́ èdè yìí láti inú ìyá mi, mo jókòó níwájú àwọn obìnrin wọ̀nyí, mo sì ń sọ ìkíni di ẹ̀rí ìwádìí.

Láti ìgbà náà, mo máa ń kí wọn tán pátápátá, kí ìkíni lè kúrò lọ́nà. Lẹ́yìn náà, màá ní, “Ẹ sọ bí ilẹ̀ àná ṣe mọ́ fún mi. Ta ló gbé e? Ìgbà mélòó ló jí?” Ibẹ̀ ni òótọ́ máa ń gbà jáde. Ìyá kan tó ti sọ pé a dúpẹ́ wá rántí pé òun kò lè fi aṣọ pọ̀n ọ́n ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nítorí pé bí itan rẹ̀ bá ti kan ẹ̀yìn òun ni yóò figbe ta. Kò sí àpótí fún ìyẹn nínú káàdì. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé, dókítà sì ní kí gbogbo wa máa béèrè nípa pípọ̀n.

Ti ẹ̀jẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹta ni a máa ń gbà á, kí wọ́n lè wọn èròjà ìdáàbòbò fún àrùn kọ̀ọ̀kan. Fún tẹ́tánọ́ọ̀sì àti dìfítéríà, wọ́n ń wò ó bóyá ó dé 0.1 IU, ìwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò ń lò, nínú mílílítà kan. Fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, bóyá ó dé 10 mIU, ìyẹn ìwọ̀n tó kéré sí IU, nínú mílílítà kan. Ti ikọ́ líle kò ní ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí, nítorí náà ṣe ni wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wé ara wọn. Àwọn tó ń wọ̀n ọ́n kì í mọ abẹ́rẹ́ tí ọmọ gbà. Ohun tí mo ṣe tí kò dára ni pé mo kọ́kọ́ máa ń fi síríńjì pamọ́ sábẹ́ ìbòrí, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n máa sọ ní àdúgbò pé à ń ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ìyá eléwé yẹn ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n mú ṣíbí tíì dání. Màá bu omi sínú rẹ̀ níwájú gbogbo ilé, kò ní kún tán, màá ní, “Gbogbo ohun tí a fẹ́ gbà kò tó èyí.” Ọ̀rọ̀ títà dáwọ́ dúró.

Òru kan wà tí n kò lè fò. Gìrì mú ọmọ kan ní Òde Alfa Ńdà ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì. Nígbà tí mo fi dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá rẹ̀ sì wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Àbúrò bàbá ọmọ náà ní kí n kúrò níwájú òun. Ayẹ̀wò fi hàn pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà wà lára rẹ̀, ọmọ náà sì gbádùn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ní òru yẹn, kí èsì ayẹ̀wò tó jáde, àti lẹ́yìn tó jáde pẹ̀lú, ọkàn kan ń sọ fún mi pé ibà lásán ni, kí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà kó bá ìwádìí sí? Òfin wa ni pé ohunkóhun tó bá gbé ọmọ dé orí bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ di kíkọ ránṣẹ́ láàárín wákàtí 24, ohun yòówù kí ó fà á. Kì í ṣe èmi ni màá dájọ́ pé abẹ́rẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ tàbí kò mọ̀. Ìgbìmọ̀ kan wà fún un, wọ́n sì nílò gbogbo rẹ̀ lójú kan kí wọ́n tó lè rí i bóyá ó pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Mo kọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì níta yàrá náà ní aago mẹ́ta òru, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìyá ọmọ náà rí mi níbi tí mo ti ń kọ. Ó wá jókòó tì mí, ó sì ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ òun kò mu ọmú láti ìrọ̀lẹ́. Mo kọ ọ́.

Ní 2023, nígbà tí dìfítéríà ń pa àwọn ọmọ ní Kano àti àwọn ibòmíràn ní Nàìjíríà, tí ojú àwọn ènìyàn wá rí àrùn tí wọ́n ti gbàgbé, mo ronú kan àwọn ogún ọmọ ìwádìí yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi fóònù béèrè àwọn tí mo ṣì ní nọ́ńbà ìyá wọn. N kò ní “Ọmọ ńkọ́?” Mo ní kí wọ́n mú káàdì àjẹsára wọn jáde kí wọ́n ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi.

Nígbà ìwádìí náà, ọmọ-ọmọ ìyá eléwé ni ó kẹ́yìn nínú àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ kẹta, iná ti lọ, mo sì ti sùn, nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá àgbà náà ni. Kò kí mi. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, mo ti jí ọmọ ilé-ìwé tó wà nínú agboolé pé kó bá mi kà á. Mẹ́ta, mẹ́jọ, àmì kékeré kan, mẹ́rin. A ò tí ì fún un ní nǹkan kan.” Mo na ọwọ́ wá ìwé lórí tábìlì nínú òkùnkùn, mo kọ 38.4, mo sì fi iná fóònù wo aago, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 11:20 alẹ́.